Bẹntiróòlù Kì Í Ṣe Ọṣẹ

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wọ̀ mí létí kì í ṣe "iná." "Àmúwá Ọlọ́run" ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ń sunkún lórí fóònù, ni ọkùnrin kan bá gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé nǹkan kékeré kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, pé àmúwá Ọlọ́run ni, kí n ṣáà máa bọ̀ ní ọsibítù. Ọ̀gá àbúrò mi ni ọkùnrin yẹn.

Àbúrò mi tí mò ń wí yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ títún ṣe ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo débẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ti wú, awọ ara ń ṣí bí èèpo iṣu tí wọ́n sè. Ọrùn àti àgbọ̀n ẹ̀ ń dán yanran. Mo rò pé oògùn ni. Epo pupa ni. Wọ́n ti fi kùn ún ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbé e wá. Nǹkan kékeré náà nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, kọ́sítọ́mà kan ń kánjú gba jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, ọ̀gá sì ní kí àbúrò mi fọ kábúrétọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń fọ̀ ọ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n á gé kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún sí méjì, wọ́n á da bẹntiróòlù sínú ìdajì ìsàlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á lóṣòó tì í, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha ìdọ̀tí kúrò. Bẹ́ẹ̀ ló lóṣòó. Kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ síbi tó wà, ọ̀gá tú púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ mìíràn, ó fi orí ẹ̀ ti ara irin, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kejì fa okùn, kí òun wò ó bóyá púlọ́ọ̀gì náà ṣì ń ta iná. Ọmọ yẹn fa okùn. Púlọ́ọ̀gì ta iná.

Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé òun ò rí iná kankan tó fò wá bá òun. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ilẹ̀ ni iná gbà wá."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí òun ni mo fẹ́ fi dá ọ̀gá ẹ̀ lóhùn. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò le: ọ̀pọ̀ iná tó ń jó èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ètò ni. Ẹnìkan ló ṣètò ẹ̀, ẹlòmíràn ló ń jóná nínú ẹ̀, àwa yòókù wá fi orúkọ Ọlọ́run bo ètò náà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa bi wá ní ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa bẹntiróòlù fúnra ẹ̀. Epo olómi yẹn kọ́ ló ń jó. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹ̀ ló ń jó. Kẹrosíìnì máa ń gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó tú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti gbiná sílẹ̀. Ti bẹntiróòlù kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òtútù tó mú ju ti inú fíríísà yín lọ, ní nǹkan bí ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo, ó ti ń tú tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá ro ohun tó máa ṣe nínú oòrùn Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan, nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti gé orí ẹ̀ dànù.

Afẹ́fẹ́ yẹn wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ bí omi tí ojú ò rí. Á wọ abẹ́ tábìlì, á wọ kòtò, á ba sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Bó bá pàdé iná kékeré kan níbikíbi, ìbáà ṣe ti púlọ́ọ̀gì, ti sìgá, ti wáyà tó bó, iná ọ̀hún á gba ojú ọ̀nà kan náà padà sọ́dọ̀ epo. Ọ̀dọ̀ epo sì ni ọmọ náà lóṣòó sí. Ilẹ̀ ni iná gbà wá. Ọmọ ọdún 16 tí kò parí ilé ìwé girama ti fi ojú ara ẹ̀ rí ohun tó wà nínú ìwé.

Torí náà, mi ò rí àdììtú kankan níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ló pàdé: epo tí wọ́n ṣí sílẹ̀, iná tí wọ́n dìídì tan, àti ọmọ tí wọ́n fi sáàárín méjèèjì. Ọlọ́run kọ́ ló gé kẹ́ẹ̀gì sí méjì. Ọlọ́run kọ́ ló ní kí wọ́n fa okùn. Ọlọ́run kọ́ ló sọ fún ọmọ náà pé kó jókòó síbẹ̀ kó má sì dìde títí kábúrétọ̀ á fi mọ́. Ọkùnrin kan ló ṣe gbogbo ẹ̀, ó ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́, bí ọ̀gá tiẹ̀ náà ṣe ṣe é fún un.

Ẹ lè ní bóyá kò mọ̀. Ó mọ̀! Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu sìgá níbẹ̀. Tí òun fúnra ẹ̀ bá fẹ́ mu sìgá, ẹ̀gbẹ́ títì ló ń lọ. Ìmọ̀ wà. Ara ti ara ẹ̀ ló ń lo ìmọ̀ náà fún, kò lò ó fún ara ọmọ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ohun tó sì fà á tó fi jẹ́ bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń fọ irin kò ṣòroó mọ̀ rárá. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Inú táńkì jẹnẹrétọ̀ tí kọ́sítọ́mà gbé wá ni wọ́n ti ń fà á. Kẹrosíìnì, owó ni. Ọṣẹ àti omi gbígbóná, owó àti àkókò ni. Bẹntiróòlù ti wà nílẹ̀, ó ń yára bó girisi, ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ sì ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Nínú ìṣirò yẹn, ohun tó wọ́n jù ni wọ́n kà sí ọ̀fẹ́.

Àwọn àgbà wá kí wa ní ọsibítù. Wọ́n gbàdúrà, a ṣe àmín. Kí wọ́n tó lọ, ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àbúrò mi, ó ní kó mọ́kàn le, ó ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Òwe yẹn ti ń bí mi nínú láti ọjọ́ yẹn. Mi ò bá òwe Yorùbá jà o. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ń sọ̀rọ̀ sùúrù, ó ń sọ̀rọ̀ òógùn, ó ń sọ̀rọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù tí oorun ṣì wà lójú tí o gbọ́dọ̀ dìde lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ̀rọ̀ awọ ara. Ìkòkò amọ̀ ni. Inú iná gan-an ni wọ́n ti sun ún kó tó di ìkòkò. Ọmọ èèyàn ò tinú iná wá, inú oyún ló ti wá, oṣù mẹ́sàn-án ni ìyá ẹ̀ fi gbé e. Nígbà tí òwe ìfaradà bá ti di ohun tí wọ́n ń pa fún ọmọ tí wọ́n ti fi àìbìkítà sun níná, òwe ọ̀hún ti kúrò ní ẹṣin ọ̀rọ̀. Ó ti di aṣọ tí wọ́n fi ń bo ẹni tó jẹ̀bi.

Ọ̀gá náà sì ní òwe tiẹ̀. Ó ká apá aṣọ sókè, ó fi àpá kan hàn mí láti ìgúnpá títí dé ọrùn ọwọ́. Ó ní, "Ṣé o rí i? Èmi náà jóná nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Mi ò kú." Bí ẹni tó ń fi ìwé ẹ̀rí hàn ló ṣe fi hàn mí. Mo wo àpá yẹn, àánú ẹ̀ ṣe mí ní tòótọ́, torí ó dá mi lójú pé lọ́jọ́ tí ti ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹnìkan dúró níbẹ̀ tó sọ fún ìyá ẹ̀ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àmọ́ kí ni ká wá sọ nípa èèyàn tó jóná tán, tó mọ bó ṣe dùn ún tó, tó sì lọ fi kẹ́ẹ̀gì kan náà síwájú ọmọ ẹlòmíràn? Wọ́n ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń jóni lẹ́ẹ̀mejì o, lẹ́ẹ̀kan lára ọ̀gá, lẹ́ẹ̀kan lára ọmọ iṣẹ́.

Ẹ má sì rò pé ti àwọn oníjẹnẹrétọ̀ nìkan ni. Ẹ rìn yí ká àdúgbò yín.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Wọ́n á gbé àgbá epo tàbí táńkì ọkọ̀ wá, wọ́n á ní ó ń jò, kó bá wọn lẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀ mọ́, àgbá òfìfo ni. A máa ń sọ pé àgbá òfìfo ló ń pariwo jù. Wẹ́dà ló yẹ kó mọ bí òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tó. Táńkì tó kún fún epo dé ẹnu kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè fún afẹ́fẹ́ nínú. Èyí tí wọ́n ti da epo ẹ̀ dànù, tí díẹ̀ ṣẹ́kù sára ògiri ẹ̀, afẹ́fẹ́ epo àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí ti pòpọ̀ nínú ẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ pọ̀ kó tó burú. Tí afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù bá ti tó nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ nínú 100, iná kékeré ti tó láti bú u gbàmù. Òfin Factories Act ilẹ̀ wa sọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ jórin mọ́ ara táńkì tó ti gba nǹkan tó ń gbiná rí àfi tí wọ́n bá ti ṣe gbogbo ohun tó ṣeé ṣe láti kó nǹkan náà àti afẹ́fẹ́ ẹ̀ kúrò, tàbí láti sọ wọ́n di ohun tí kò lè gbiná mọ́. Ẹ bi wẹ́dà àdúgbò yín bóyá ẹnikẹ́ni ti ka òfin yẹn sí i létí rí.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ọkọ̀. Tínà wà nínú ike tí kò ní ìdérí, ọmọ iṣẹ́ ń fi àkísà tó rẹ sínú ẹ̀ nu ọwọ́, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń dáná ìrẹsì.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ oní-gáàsì. Ọmọbìnrin kan ló jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń dà á láti inú sílíńdà ńlá sínú kékeré, nínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ ò tó nǹkan, tí ẹni tó ń ta àkàrà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Gáàsì ìdáná náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì, torí náà ilẹ̀ lòun náà ń wọ́ gbà. Lítà kan péré tó bá jò nínú sílíńdà ní olómi, nǹkan bí lítà 250 ni yóò dì ní afẹ́fẹ́. Òórùn burúkú tí à ń gbọ́ lára ẹ̀ kì í ṣe ti gáàsì fúnra ẹ̀. Wọ́n dìídì fi òórùn yẹn sí i ni, kí imú wa lè kìlọ̀ fún wa. Àmọ́ imú tó bá gbọ́ òórùn kan láti àárọ̀ kì í gbọ́ ọ dáadáa mọ́ tó bá di ọ̀sán. Ẹni tí ewu sún mọ́ jù nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni kò ní lè gbóòórùn ẹ̀ mọ́. Èwo ni àmúwá nínú ìyẹn?

Ìgbà tí ìbúgbàmù bá tóbi nìkan la máa ń gbọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, ọkọ̀ agbégáàsì bú gbàmù ní agbègbè Ìjú-Ìṣàgá ní Èkó. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá, iná tún sọ ní ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ní Bárúwà, lọ́nà Ìpájà. Àwọn oníròyìn dé, àwọn aláṣẹ dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ṣèlérí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, èèyàn kú. Àmọ́ iná tó jó àbúrò mi ò bá fọ́tò kankan pàdé. Ọmọ kan péré, ṣọ́ọ̀bù kan péré, bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn méjì ló pa á. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, wọ́n ti gbá ibẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn iná kéékèèké báyìí, tí kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n, àwọn ni mò ń bá wí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ máa ní, "Ìjọba ló yẹ ká bá jà, kì í ṣe ọ̀gá onítálákà." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Òfin wà. Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń mójú tó, kó lè jẹ́ pé bí òṣìṣẹ́ bá ṣèṣe, àpò yẹn ló máa gbọ́ bùkátà ẹ̀. Nígbà tí òfin náà ń sọ ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́, ó ní ìbáà jẹ́ àdéhùn àkọsílẹ̀, ìbáà jẹ́ àdéhùn ẹnu lásán. Ó ní ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ṣẹ́! Ó dárúkọ ẹ̀ gbangba. Ọjọ́ 14 ni òfin fún ẹni tó ṣèṣe láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí.

Ta ló sọ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi? Kò sẹ́nì kankan. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àwọn ni wọ́n sanwó fún ọ̀gá kí ọmọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù, pé ìwé àdéhùn wà tí wọ́n fọwọ́ sí. Mo gba ìwé náà, mo kà á. Ojú ewé kan ni. Ó sọ iye ọdún tí ọmọ máa lò. Ó sọ pé bí ọmọ bá ba irinṣẹ́ jẹ́, òbí ló máa san án. Ó sọ ohun tí wọ́n máa rà fún ayẹyẹ fírídọ́ọ̀mù, tó fi dórí iye páálí mínírà. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ ẹni tó máa sanwó bí irinṣẹ́ bá ba ọmọ jẹ́.

Ẹjọ́ ìjọba pọ̀, mi ò sì ní dákẹ́ lórí ẹ̀. Iye àwọn tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò kò tó nǹkan, ibi tí wọ́n sì ń dé kì í ṣe abẹ́ igi níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wà. National Health Act ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì sílẹ̀ fún ìdí yòówù kó jẹ́. Síbẹ̀ ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé àbúrò mi lọ béèrè owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ ni wákàtí kan gbà lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, tí a bá gbé gbogbo ẹ̀bi lọ síwájú ìjọba, a ti tún rí Ọlọ́run mìíràn nìyẹn, ẹni tó jìnnà tí a lè máa dárúkọ kí ẹni tó wà nítòsí lè sùn dáadáa. Ìjọba kọ́ ló gé kẹ́ẹ̀gì.

Àwọn mìíràn á ní, "Ọ̀gá náà ò lówó." Mo gbà. Kì í ṣe olówó. Ó wá bẹ̀ wá pẹ̀lú páálí mọ́ọ̀tì kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 náírà, mo sì mọ̀ pé owó yẹn ò rọrùn fún un. Àmọ́ ẹ wo ohun tí mò ń béèrè, kẹ́ ẹ sọ fún mi èyí tí owó rẹ̀ ju agbára ọ̀gá lọ. Kí wọ́n má fi bẹntiróòlù fọ nǹkan mọ́, kí wọ́n lo ọṣẹ àti omi gbígbóná, tó bá sì di dandan, kẹrosíìnì, níta gbangba, jìnnà sí iná. Kí epo tó bá wà nílẹ̀ ní ìdérí. Kí wọ́n gbé púlọ́ọ̀gì tí wọ́n fẹ́ dán wò jìnnà kúrò níbi tí epo wà. Kí wọ́n jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tutù kí ọmọ tó rọ epo sí i. Kí yanrìn wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Yanrìn ni fún epo tó ń jó, torí bẹntiróòlù máa ń léfòó sórí omi ni, tí ẹ bá da omi sí i, ẹ̀ ń fọ́n iná ká ni. Omi ni fún ara èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbi ara èèyàn yẹn díẹ̀, torí àìmọ̀ wa níbẹ̀ ń fi kún ìyà. Ní ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ yẹn, dúrọ́ọ̀mù omi kan wà. Àbúrò mi ń kígbe omi, omi. Wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú, wọ́n ní omi á jẹ́ kó lé ròrò, ni wọ́n bá lọ wá epo pupa. Ẹlòmíràn ní ẹyin tútù. Ẹlòmíràn ní ọṣẹ ìfọyín. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ni ohun tí ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n máa da omi tó mọ́, tó tutù níwọ̀nba, sójú ibi tó jóná fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe omi dídì. Títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí iná ti jóni, omi yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti aago kí ọwọ́ tó wú, kí wọ́n bọ́ aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ bo ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ. Epo pupa àti ẹyin kò wo iná sàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ní láti kọ́kọ́ fọ gbogbo ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó rí ojú egbò, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ìta ni mo sá lọ.

Ẹnìkan wà tó lágbára láti yí gbogbo èyí padà ju ìjọba lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bi í. Ẹgbẹ́ ni. Ẹgbẹ́ oníjẹnẹrétọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ẹgbẹ́ wẹ́dà. Ẹ̀yin tí ẹ gbé àdúgbò mọ agbára wọn. Tí ọ̀gá kan ò bá wá sí ìpàdé, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Tí kò bá san owó ẹgbẹ́, wọ́n á wá ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan. Tí ọmọ iṣẹ́ bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, kò sí ọ̀gá mìíràn ní gbogbo ìlú tó máa gbà á. Ẹgbẹ́ tó lè ti ṣọ́ọ̀bù torí ìpàdé lè tì í torí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé sí méjì. Ẹgbẹ́ tó lè kọ iye páálí mínírà sínú ìwé àdéhùn lè kọ ìlà kan kún un: bí ọmọ bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an, ọ̀gá àti ẹgbẹ́ ló máa sanwó ìtọ́jú ẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ torí wọn ò tíì rí ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀gá náà. Kò ní ka ìwé yìí. Ẹ̀yin lẹ máa kà á, ẹ̀yin náà sì ni kọ́sítọ́mà tó ń kánjú. Èmi náà ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti dúró lórí ọmọ iṣẹ́ rí pé kó ṣe kíá, mo fẹ́ lọ fi iná sí láptọ́ọ̀pù mi. Mo ń wo ọwọ́ ẹ̀ nínú bẹntiróòlù, òórùn ẹ̀ ń gún mi nímú, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ohun kan wà tó yẹ kí n sọ. Ìkánjú mi wà lára ohun tó mú kẹ́ẹ̀gì yẹn ṣí sílẹ̀. Ṣebí àwa náà la máa ń fi fídíò ẹni tó jóná ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí a ó kọ "Ọlọ́run ṣàánú" sábẹ́ ẹ̀, tí a ó sì kọjá lọ.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má pe Ọlọ́run. A pè é gan-an ní ọsibítù, mo sì dúpẹ́ pé àbúrò mi wà láàyè. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká má fi orúkọ Ọlọ́run san gbèsè tí èèyàn jẹ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wá bẹ̀ wá nílé, àwọn àgbà ẹbí jókòó. Wọ́n gba mọ́ọ̀tì, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi wo ojú mi bóyá mo ní nǹkan í sọ, torí èmi ni wọ́n rán lọ sí yunifásítì. Mo wolẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Wọ́n ṣe àdúrà, ọ̀gá dúpẹ́, ó lọ.

Àbúrò mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì ẹ̀ ò ká mọ́ dáadáa, torí náà ó ń pẹ́ kó tó tú nọ́ọ̀tì. Mo lọ kí i lóṣù tó kọjá. Ọmọ kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fẹ́ fọ kábúrétọ̀, ó ti na ọwọ́ sí gálọ́ọ̀nù epo. Àbúrò mi ò pariwo. Ó gba gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ̀, ó dé e, ó gbé e lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé abọ́ omi ọṣẹ fún un. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí máa pẹ́ o." Àbúrò mi ní kó jẹ́ kó pẹ́.

Kọ́sítọ́mà kan dúró níbẹ̀, ó ń wo aago. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ó lè jẹ́ ìwọ ni. Tó o bá débẹ̀, jẹ́ kó pẹ́.